Pẹ́pẹ́yẹ Tí Mo Ṣì Mọ̀: Bí Ìyẹ́ Ṣe Ń Sọ̀rọ̀ àti Bó Ṣe Ń Parọ́

Nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí mo ní màá sọ ìtàn pẹ́pẹ́yẹ kan tó dójú tì mí, ṣùgbọ́n àkókò lọ kí n tó débi tí ọ̀rọ̀ ti dùn. Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ níbí.

Oṣù Kìíní ọdún tó kọjá ni. Òtútù mú débi pé ìka mi ò fẹ́ tẹ fóònù mọ́. Mo dúró létí adágún ńlá kan ní àríwá-ìlà-oòrùn London, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi ń tọ́jú omi tí à ń mu nílùú yìí. Pẹ́pẹ́yẹ tó wà lórí omi á tó nǹkan bí igba. Àárín wọn ni mo ti rí ọ̀kan tí kò jọ àwọn yòókù: orí rẹ̀ dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ẹyinjú rẹ̀ yẹ́lò, àgógó rẹ̀ sì dà bí aró tí wọ́n ti bomi là. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e fún áàpù kan tó máa ń dárúkọ ẹyẹ. Áàpù ní Lesser Scaup ni, ó sì kọ 94 nínú 100 sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà.

Lesser Scaup kì í ṣe ẹyẹ ibí. Àríwá Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ìwọ̀nba ló sì máa ń ṣìnà sọdá òkun Àtìláńtíìkì wá sọ́dọ̀ wa. Ọkàn mi fò sókè. Mo gbé e sórí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn olùwo-ẹyẹ àdúgbò, kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn èèyàn ti ń dé. Ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kent. Bàbá àgbàlagbà kan náà wá, ó gbé awò awọ̀nà-jíjìn rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó wo ẹyẹ náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì sọ ohunkóhun. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi.

“Ṣé ẹ ti wo ṣóńṣó àgógó rẹ̀?”

Mo wò ó. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó ní kí n wo bí dúdú ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Lóòótọ́ ó fẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ti àgógó bọ inú yíǹkì. Ó ní ti Lesser Scaup kì í ju bí èékánná kékeré kan lọ, láàárín gan-an. Ó tún ní kí n dúró dè é kí ó yí ẹ̀gbẹ́ sí wa. Nígbà tó yí, mo rí ìyẹ́ kékeré kan tó yọ sẹ́yìn orí rẹ̀, bí irun ọmọdé tí wọn ò tíì gẹ̀ tán.

Àmúlùmálà ni. Ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ jẹ́ Tufted Duck, èkejì jẹ́ Pochard, méjèèjì sì kún orí adágún yẹn bámúbámú. Ọkùnrin tó ti Kent wá ò bá mi jà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ra tíì, ó sì padà sílé. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ dá pẹ́pẹ́yẹ mọ̀, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo ti rí kọ́ fún yín. Pẹ́pẹ́yẹ wà ní gbogbo páàkì tó bá ti ní omi, kò sówó tí ẹ máa san, wọn kì í sì í yára sá bí ẹyẹ orí igi.

Pẹ́pẹ́yẹ wo gan-an?

Ọ̀rọ̀ “pẹ́pẹ́yẹ” fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà. Nígbà tí màmá mi wá kí wa ní London, mo mú wọn lọ sí páàkì, mo nawọ́ sórí omi, mo ní, “Màmá, ẹ wo pẹ́pẹ́yẹ.” Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní, “Èyí kọ́ o. Ojú rẹ̀ tó pupa dà? Ta ló pa á kù báyìí?”

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni. Àṣé òótọ́ ni wọ́n sọ. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń rìn kiri àgbàlá nílé, tó ní ẹran pupa wúruwùru lójú, tí akọ rẹ̀ kì í ké ju kó máa mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀ lọ, Muscovy ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ààrin gbùngbùn àti gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Brazil, pato-do-mato tó wà nínú igbó yín ni baba ńlá rẹ̀: ara dúdú tó ń dán, àbùlẹ̀ funfun lápá. Èyí tí màmá mi rí lórí omi London, Mallard ni, ìdílé mìíràn gbáà sì ni. Gbogbo pẹ́pẹ́yẹ ilé yòókù lágbàáyé, ìbáà funfun, ìbáà dúdú, ìbáà dúró ṣánṣán bí ìgò, ọ̀dọ̀ Mallard ni wọ́n ti wá. Muscovy nìkan ló dá dúró. Ẹyin Mallard máa ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ 28, ti Muscovy á tó ọjọ́ 35. Bí méjèèjì bá gùn, wọ́n lè ní ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò ní lè bímọ mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ìbaaka. Ẹ fi èyí sápò kan, a ó padà lò ó.

Aṣọ tó ń yí padà

Àwọn baba wa náà fi àwọ̀ ìyẹ́ mọ ẹyẹ. Bí a bá dárúkọ agbe, aró ló máa wá síni lọ́kàn. Bó bá jẹ́ àlùkò, osùn ni. Ti lékeléke, ẹfun ni. Kódà, orúkọ tí à ń pe àwọ̀ kan, elésè àlùkò, ara ẹyẹ la ti mú un. Ṣùgbọ́n agbe kì í bọ́ aró sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà kí ó wá gbé aṣọ mìíràn wọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ òtútù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi akọ Mallard bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ rí. Láti ìgbà ìwọ́wé títí di ìgbà ìrúwé, orí rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ewé tó ń dán, òrùka funfun wà lọ́rùn rẹ̀, àyà rẹ̀ dà bí obì tó gbó, ara rẹ̀ jẹ́ eérú, àgógó rẹ̀ yẹ́lò, ìyẹ́ dúdú méjì-mẹ́ta sì ká kòrókòró lókè ìrù rẹ̀. Ẹ rántí ìyẹ́ kíká yẹn. Abo rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú àmì tóótòòtó káàkiri ara, àgógó rẹ̀ sì dà bí ọsàn tí wọ́n ta yíǹkì sí.

Àwọ̀ ewé orí akọ náà, kì í ṣe pé wọ́n rẹ ìyẹ́ láró ewé. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ ò ní rí ewé kankan níbẹ̀, ohun tó ṣú ni ẹ máa rí. Inú ìyẹ́ náà ni àwọn ọ̀pá tíntìntín tí wọ́n fi melanin ṣe wà, ohun kan náà tó ń mú awọ ara wa dúdú. Wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra débi pé ìmọ́lẹ̀ tó bá bà wọ́n máa ń padà jáde ní àwọ̀ ewé, bí epo bẹntiróòlù ṣe máa ń ṣe lójú omi. Ti àwọn ẹyẹ turaco, ìdílé tí wọ́n máa ń ka àlùkò mọ́, yàtọ̀: pupa tó wà lápá wọn jẹ́ aró gidi, bàbà wà nínú rẹ̀, turacin lorúkọ rẹ̀. Kí nìdí tí mo fi ń sọ èyí? Torí pé àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń dá máa ń yí bí ẹyẹ bá ṣe yí orí. Orí Mallard kan náà lè jẹ́ ewé, aró, tàbí elésè àlùkò láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn ìwé kan máa ń sọ pé orí Lesser Scaup ń dán elésè àlùkò, ti Greater Scaup ń dán ewé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Èmi gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà, ẹ sì ti gbọ́ bó ṣe parí.

Tó bá di nǹkan bí Oṣù Kẹfà, tí abo ti ń sàba tàbí tó ti ń kó ọmọ kiri, ìyẹ́ akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í re. Orí ewé á lọ, òrùka ọrùn á lọ, akọ á wá dà bí abo. Kò tán síbẹ̀ o. Gbogbo ìyẹ́ tó fi ń fò á jábọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni kò ní lè fò rárá. Aṣọ tó jọ ti abo yẹn ló ń fi sápamọ́ nígbà tí kò lè sá fún ewu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń wo ẹyẹ, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi ní Oṣù Keje kan pé “abo 31, akọ 0”, mo sì ń ronú ohun tó lè ti pa gbogbo àwọn ọkọ. Kò sóhun tó pa wọ́n. Wọ́n wà lójú mi níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí n wò ni àgógó: ti akọ ò kúrò ní yẹ́lò tó fẹ́ jọ ewé díẹ̀, ti abo ṣì ní ọsàn àti yíǹkì rẹ̀. Tó bá fi máa di Oṣù Kẹwàá, ọ̀pọ̀ akọ á ti tún wọ aṣọ ìyàwó-gbígbé, torí ìgbà òtútù ni pẹ́pẹ́yẹ ń wá ẹnìkejì, kì í ṣe ìgbà ìrúwé bíi ti ọ̀pọ̀ ẹyẹ mìíràn.

Nítorí náà, láàárín Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án, bí ẹ bá rí pẹ́pẹ́yẹ tí ara rẹ̀ rí ráuràu, ìdajì àwọ̀ ilẹ̀, ìdajì eérú, ewé díẹ̀ lẹ́bàá etí, ẹ má sáré pè é ní àmúlùmálà. Aṣọ ló ń pààrọ̀.

Ohun kan tún wà tó ya mí lẹ́nu gan-an. Láàárín pẹ́pẹ́yẹ, èròjà abo inú ẹ̀jẹ̀, estrogen, ló ń mú kí ìyẹ́ rí bíi ti abo. Bí ilé ẹyin abo kan bá daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọjọ́ ogbó tàbí àìsàn, ìyẹ́ tó máa hù lẹ́yìn náà lè jọ ti akọ. Ẹ lè rí ìyá àgbà kan lórí omi tó wọ agbádá bàbá: orí ewé, àyà obì, pẹ̀lú àgógó abo. Òun náà kì í ṣe àmúlùmálà.

Ibi tí ojú gbọ́dọ̀ lọ

Bí àwọ̀ bá ń yí báyìí, kí la wá lè dìmú? Àgógó ni mo ń kọ́kọ́ wò báyìí, lẹ́yìn náà apá. Lẹ́yìn apá pẹ́pẹ́yẹ ni àbùlẹ̀ dídán kan wà, tí kì í bá akọ àti abo pín sí ọ̀nà méjì bí ara yòókù ṣe máa ń ṣe, kì í sì í yí padà tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ti Mallard jẹ́ aró, ilà funfun wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ti Gadwall jẹ́ funfun, ó sì rí bíi fèrèsé kékeré. Ti Teal jẹ́ ewé. Shoveler ò nílò apá kankan, àgógó rẹ̀ fẹ̀ bí ṣọ́bìrì, ibẹ̀ náà lorúkọ rẹ̀ ti wá. Akọ Garganey ní ilà funfun gbọọrọ lókè ojú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ nítorí ìwà rẹ̀: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí ló máa ń wà lọ́dọ̀ wa, tí òtútù bá fẹ́ mú á ti di Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ́hùn-ún ní Senegal, Mali, adágún Chad. Ta ni kò fẹ́ irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, àbùlẹ̀ apá ni ẹ máa fi ya Mallard sọ́tọ̀ kúrò lára American Black Duck. Ti Black Duck dà bí elésè àlùkò, kò sì ní ilà funfun níwájú. Ara rẹ̀ ṣú ju ti abo Mallard lọ dáadáa. Bí ẹ bá wá rí ọ̀kan tó ṣú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ilà funfun fara hàn lápá, tí ewé díẹ̀ sì wà lórí, níbẹ̀ lẹ ti lè fura.

Ní ti páàkì àárín ìlú, ohun tó máa ń dà wá láàmú jù kì í ṣe ẹyẹ láti òkèèrè, pẹ́pẹ́yẹ ilé ni. Ẹnì kan á ra á fún ọmọ rẹ̀, á sú u, á lọ dà á sínú adágún. Òun àti Mallard igbó á wá bímọ. Ọmọ wọn lè tóbi ju Mallard lọ, ó lè ní funfun ràgàjì láyà, ó lè dúdú pátá àfi àyà, ó lè jókòó wúwo lórí omi bí ọkọ̀ tí wọ́n kó ìrẹsì sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìrù akọ rẹ̀: ìyẹ́ kíká yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹ́ kíká ni àmì ìdílé Mallard, kì í tètè pa rẹ́. Funfun láyà pẹ̀lú ìyẹ́ kíká: ẹ kọ “pẹ́pẹ́yẹ ilé” sílẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Àmúlùmálà gidi

Ẹ ti rí i pé mo ti lé ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò nílẹ̀ ká tó dé ibí: ìyẹ́ tó ń re, ìyá àgbà tó wọ agbádá, pẹ́pẹ́yẹ ilé. Bí gbogbo ìyẹn bá ti kúrò, ohun tó kù ló lè jẹ́ ọmọ ẹ̀yà méjì tó jẹ́ ẹyẹ igbó. Ó wà. Pẹ́pẹ́yẹ ń ṣe é ju ọ̀pọ̀ ìdílé ẹyẹ lọ. Wọ́n ń wá ẹnìkejì nígbà òtútù, nígbà tí ẹ̀yà oríṣiríṣi kóra jọ sórí omi kan. Àwọn abo kan máa ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ ẹlẹ́yà mìíràn, ọmọ tó bá sì dàgbà lọ́wọ́ alágbàtọ́ lè rò pé irú alágbàtọ́ náà ni òun. Akọ tí kò rí abo ẹ̀yà tirẹ̀ fẹ́ náà ò ní jókòó lásán.

Ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni pé àmúlùmálà kì í ṣe ìdajì bàbá, ìdajì ìyá, bí ìgbà tí a po ẹ̀kọ pọ̀ mọ́ mílíìkì. Ó lè gbé àmì kan jáde tí kò sí lára bàbá, tí kò sí lára ìyá, kí ó wá jọ ẹ̀yà kẹta pátápátá. Akọ Tufted Duck dúdú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun. Akọ Pochard ní orí pupa bí osùn, àyà dúdú, ara eérú, ẹyinjú pupa. Ẹ pò wọ́n pọ̀: dúdú orí láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan, eérú ẹ̀yìn láti ọ̀dọ̀ èkejì, pupa àti yẹ́lò ojú á pàdé láàárín. Ohun tó bá jáde jọ Lesser Scaup tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn òkun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Shoveler àti Blue-winged Teal ní Amẹ́ríkà ṣe lè ní ìlà funfun bí oṣù lójú, tí ó wá jọ Shoveler ti Ọsirélíà.

Ibi tó máa ń tú u fó ni àwọn nǹkan kéékèèké. Tufted Duck ní dúdú tó fẹ̀ ní ṣóńṣó àgógó, Pochard náà ní in, torí náà ọmọ wọn ò lè ṣàì ní in. Tufted Duck ní ìyẹ́ gígùn tó rọ̀ sẹ́yìn orí, ọmọ á ní kékeré níbẹ̀. Bí ẹyẹ náà bá na apá, ilà funfun ti Lesser Scaup máa ń di eérú bó bá ń lọ sí ìta apá. Àmì mẹ́ta, èyíkéyìí ni ì bá gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Mo ti wo orí nìkan.

Ìtùnú mi ni pé àwọn àgbà náà ti bá a pàdé. Ní ọdún 1822, ní Louisiana, John James Audubon ya àwòrán pẹ́pẹ́yẹ kan tí kò jọ èyíkéyìí tó mọ̀. Ó wà nínú ìwé ńlá rẹ̀ nípa àwọn ẹyẹ Amẹ́ríkà, orúkọ Brewer’s Duck sì mọ́ ọn lára. Lónìí a mọ̀ pé ọmọ Mallard àti Gadwall ni.

Ìwọ̀nyí ò sí nínú orí áàpù mi, èmi tí mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Irú áàpù bẹ́ẹ̀, wọ́n fi fọ́tò rẹpẹtẹ kọ́ ọ, fọ́tò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Bí ẹ bá fún un ní fọ́tò tuntun, á pín 100 láàárín àwọn orúkọ tó wà nínú àkójọ rẹ̀, gbogbo 100 náà sì gbọ́dọ̀ tán. Ó dà bí ìdìbò tí orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ ò sí lórí ìwé, tí wọn ò sì gbà kí ẹ padà sílé láì tẹ̀ka. Nítorí náà 94 yẹn kò sọ pé “ó dá mi lójú”. Ohun tó ń sọ ni pé, “nínú àwọn tí mo mọ̀, èyí ló jọ jù.” Àwọn kan ti ń fi orúkọ àmúlùmálà kún àkójọ wọn, ṣùgbọ́n fọ́tò wọn ò pọ̀, ọmọ ìyá méjì láti inú ìtẹ́ kan náà ò sì fi dandan jọra. Mo ṣì ń lo áàpù mi. Mi ò kàn jẹ́ kó dá ẹjọ́ mọ́.

Ṣé ó tó nǹkan tí à ń jà lé?

Ìyàwó mi ló bi mí léèrè yìí, ó sì tọ́ kí ó béèrè. Pẹ́pẹ́yẹ kan ni, Lesser Scaup tàbí ọmọ Pochard, ta ló kú?

Ẹ gbọ́ ìtàn yìí ná. Ní òpin àwọn ọdún 1940, wọ́n kó Ruddy Duck mélòó kan láti Amẹ́ríkà wá sí Slimbridge, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Peter Scott ti ń tọ́jú ẹyẹ omi oríṣiríṣi. Ẹyẹ tó rẹwà ni: ara pupa bí amọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ funfun, fìlà dúdú, àgógó aró. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọmọ wọn kan fò jáde. Wọ́n bí sí i, wọ́n tàn kálẹ̀, nígbà tó fi máa di ọdún 2000 wọ́n ti tó nǹkan bí 6,000 ní Britain.

Ní Spain, ìbátan wọn kan wà, White-headed Duck. Ọdẹ àti omi gbígbẹ ti fẹ́ pa á run níbẹ̀. Ní ọdún 1977, 22 péré ló kù. Àwọn ará Spain fòfin de ọdẹ rẹ̀, wọ́n tún àwọn omi ṣe, ẹyẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ìgbà yẹn ni Ruddy Duck láti àríwá dé, tí wọ́n ń bá àwọn abo wọn gùn. Ẹ mú ohun tí ẹ fi sápò lẹ́ẹ̀kan jáde: ọmọ Mallard àti Muscovy kì í bímọ. Ọmọ Ruddy àti White-headed ń bímọ ní tiwọn, ọmọ ọmọ wọn náà ń bímọ. Bí wọ́n bá ń bomi la ẹmu láràárọ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí omi nìkan ló máa kù nínú agbè.

Ní ọdún 2005, ìjọba Britain bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti pa Ruddy Duck tán nílẹ̀ yìí. Ìbọn ni wọ́n lò. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi bínú. Ẹyẹ náà ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbé òun wá. Àwọn tó kù níbí lónìí ò pọ̀ rárá, White-headed Duck ti Spain sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ẹni tó dúró létí omi ní Spain pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Akọ White-headed gidi ní orí funfun, ìdí àgógó rẹ̀ sì wú sókè bí ẹni tí eyín ń dùn. Àmúlùmálà ní dúdú tó pọ̀ jù lórí, àgógó rẹ̀ ò wú tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Orúkọ tí ẹni yẹn bá pe ẹyẹ náà ló máa sọ bóyá á yè tàbí á kú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí n yára sọ èyí, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ “àjèjì” àti “àmúlùmálà” máa ń dún lọ́nà mìíràn létí àwa tí a wà nílẹ̀ òkèèrè. Ẹyẹ là ń sọ o. Gbogbo ọmọ ènìyàn jẹ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo, ọmọ mi tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì lú Yorùbá kò sì pa èdè kankan run. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn pẹ́pẹ́yẹ bú yín.

Ní tèmi, orí adágún yẹn náà ni iṣẹ́ wà. Wọ́n máa ń ka ẹyẹ omi lóṣooṣù káàkiri Britain, Wetland Bird Survey ni wọ́n ń pè é, àwọn èèyàn bíi tèmi tí kò gba owó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kà. Pochard ti ń dínkù. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ewu lágbàáyé. Bí mo bá ka àmúlùmálà mọ́ Pochard, mo ti purọ́ fún ẹni tó ń wá bí Pochard ṣe kù tó. Bí mo bá pe Pochard tí ìyẹ́ rẹ̀ ń re ní àmúlùmálà, mo tún ti purọ́. Ìwé tí à ń kọ ọ́ sí gba kí èèyàn kọ “àmúlùmálà, Tufted àti Pochard”, ó sì tún gba kí èèyàn kọ pé òun rí pẹ́pẹ́yẹ kan tí òun ò mọ ẹ̀yà rẹ̀. Mo ti lo èkejì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní Oṣù Kọkànlá, mo tún bá ẹyẹ mi pàdé. Ibì kan náà, ẹ̀yìn eérú kan náà, ṣóńṣó àgógó tó fẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, a jẹ́ pé ó rìnrìn àjò lọ, ó sì padà bọ̀. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin Kent náà, mo kọ ọ́ sí i pé, “Kò sídìí láti wọ ọkọ̀ ojú irin lónìí o.” Ó dá mi lóhùn kíá pé òun fẹ́ wá lọ́jọ́ Sátidé bákan náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni màá ra tíì.